Ohun Tó Hàn, Ohun Tó Jọ

Ẹ̀yìn gíláàsì ni Agogo ti kọ́kọ́ rí i. Iná pupa ti tàn lókè ilẹ̀kùn, ìròyìn ọ̀sán ń lọ lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ ń wọ ilé onílé àti ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù, nígbà tí ọkùnrin gíga kan tí kò mọ̀ rí yọ lójijì lẹ́yìn gíláàsì tó pààlà sáàárín yàrá ìkàròyìn àti yàrá ẹ̀rọ. Ọkùnrin náà ń la ẹnu, kò sí ohùn tó ń jáde. Ó ń na ìka sí bébà ọwọ́ rẹ̀, ó ń mi orí, ó ń ju apá bí ẹni tí oyin lé. Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ kan ti fẹ́ já, òwú tín-ín-rín kan ṣoṣo ló fi rọ̀ mọ́ ọn láyà.

Agogo fo odindi ìlà kan. Irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí látọjọ́ tó ti ń ka ìròyìn.

Wọ́n ń pè é ní Agogo nílé-iṣẹ́ rédíò náà nítorí pé ohùn rẹ̀ a máa dún gbọnrangandan, àti nítorí pé kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa mọ ìdí kẹta: ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lọ́nà tí kò yẹ á gbọ́ ariwo. Inú rẹ̀ máa ń tètè bí, kì í sì í fi pamọ́.

Bí iná pupa ṣe kú, ó ti ilẹ̀kùn ṣí gbàgà.

"Ta ni ẹ́?"

"Ẹ má bínú. Èmi ni ògbufọ̀ tuntun, èmi ni mò ń yí ìròyìn sí èdè wa báyìí. Àná ni mo bẹ̀rẹ̀."

"Ògbufọ̀ tuntun, ṣé orí ń fọ́ ẹ ni? Mo wà lórí afẹ́fẹ́, o wá ń fò sókè fò sódò bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n da iyọ̀ sí lára."

"Mo ṣi nǹkan kọ ni. Ọgọ́rùn-ún ìdílé ni omi lé kúrò nílé, èmi wá kọ ẹgbẹ̀rún. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó kà á dé ibẹ̀."

Agogo yẹ bébà ọwọ́ rẹ̀ wò. Ìlà tí jìnnìjìnnì jẹ́ kó fò, ìlà ẹgbẹ̀rún ìdílé gan-an ni. Ó wo ọkùnrin náà, ó tún wo bébà. Ẹ̀rín ń gun un lọ́fun, ó gbé e mì.

"Orí ló yọ ẹ́," ló wí. "Wá abẹ́rẹ́ lọ, kí o rán bọ́tìnnì yẹn."

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ tí wọn kì í jà. Gbólóhùn Ògbufọ̀ gùn ju okùn tí wọ́n fi ń fa omi kànga lọ. Agogo á ju bébà sórí tábìlì rẹ̀, á ní, "Ta ló máa bá mi mí? Ṣé ẹja lo rò pé mo jẹ́ ni?" Ògbufọ̀ á rọra mú bébà náà, á gé gbólóhùn sí méjì, á dá a padà. Kì í gbé ohùn sókè. Ìyẹn gan-an ló máa ń bí Agogo nínú jù, nítorí pé ẹni tó ń jà lóun nìkan dà bí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ kan.

Nígbà tó ṣe, Agogo ṣàkíyèsí pé àwọn ìlà kéékèèké kan wà láàárín ọ̀rọ̀ nínú bébà rẹ̀, tí wọ́n fi pẹ́ńsù fà, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí irun ojú. Ó bi í léèrè.

"Ibi tó yẹ kí ẹ ti mí ni," Ògbufọ̀ dáhùn. "Mo máa ń kà á sókè nílé kí n tó gbé e wá. Mo ti mọ bí èémí yín ṣe gùn tó."

Agogo ká bébà náà. Ó padà sí yàrá rẹ̀, ó jókòó, inú bí i pé inú òun dùn.

Ọ̀rọ̀ di ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ di nǹkan mìíràn. Orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti máa ń jẹ búrẹ́dì lẹ́yìn ìròyìn ọ̀sán, ni Ògbufọ̀ ti kọ́kọ́ ju "ẹ" sílẹ̀, tó mú "ìwọ".

"Mo fẹ́ràn bí o ṣe máa ń bínú," ó wí.

"Kí ló dára nínú ìbínú?"

"Kò sí irọ́ nínú tìẹ. Ohun tó wà nínú rẹ náà ló wà lójú rẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti bá gbé tí mi ò mọ èyí tí wọ́n ń rò."

"Ṣé o ń tọrọ mi ni, àbí o ń ṣàlàyé mi?"

"Mò ń tọrọ ẹ, olólùfẹ́."

"Ta ni olólùfẹ́ ẹ? Jẹ búrẹ́dì ẹ." Ṣùgbọ́n Agogo ò sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ilé àwọn òbí rẹ̀ ló ṣì ń gbé. Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀, ọ̀gá láàárín àwọn bíríkìlà, ẹni tí kì í wọ yàrá kankan láì fi ìka kan ògiri rẹ̀ kó kó, kó lè gbọ́ bóyá ó dì. Bàbá ò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní rédíò kékeré kan tí wọ́n máa ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Bí ìròyìn ọ̀sán bá ti kù díẹ̀, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ pa ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré. "Ọmọ mi fẹ́ sọ̀rọ̀," ni wọ́n máa ń wí, bí ẹni pé ìlú ò mọ̀.

Agogo sọ fún ìyá rẹ̀ nípa Ògbufọ̀, ìyá sọ fún bàbá. Bàbá ní, tí ọkùnrin náà bá ní ẹsẹ̀, kó fi rìn wá lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí àwọn wò ó.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àìkú náà ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́.

Ìròyìn kan dé lójijì, iná pupa ti fẹ́ tàn. Ògbufọ̀ yí i sí èdè wa kíákíá, wọ́n ti í sọ́wọ́ Agogo bó ṣe ń jókòó. Kò ráyè wò ó. Ó ka ti ọ̀nà tí wọ́n ń tún ṣe, ó ka ti àwọn olùkọ́, ó wá kàn án.

"Ògiri ọgbà ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé wó lulẹ̀ ní ìdájí òní. Ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n obìnrin kan farapa. Àwọn aláṣẹ ní, ohun tó hàn gbangba pé ó fà á ni iṣẹ́ burúkú tí bíríkìlà tó kọ́ ọ ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́wọ́ kó tó mọ ohun tó jẹ́. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Òun ló gbé omi lọ fún bàbá òun níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù ògiri náà. Ó fẹ́ dúró. Ẹnu tó ti mọ iṣẹ́ kò dúró. Ó kà á parí, ó sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí lọ́la, ó kí àwọn olùgbọ́ pé ó dàbọ̀.

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, Bàbá jókòó ní pálọ̀, wọn ò bọ́ bàtà iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ lórí àga, aṣọ kan náà ni wọ́n ń ká tí wọ́n tún ń tú.

"Ẹ káalẹ́, Bàbá."

Bàbá kọjú sí ìyá. "Ohùn yẹn," wọ́n wí, "ṣé òun náà ló tún ń kí mi?"

"Bàbá, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Wọ́n gbé e fún mi ni. Mi ò mọ̀—"

"O ò kọ ọ́. O sọ ọ́." Bàbá wá wojú rẹ̀. "A ti pa ẹ̀rọ. Gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, a ń gbọ́ ẹ. Ọmọ mi wá sọ fún mi níwájú wọn pé ó hàn gbangba pé mo ṣe iṣẹ́ burúkú. Ó hàn sí ta ni? Wọn ò tíì gbẹ́ ìdí ẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tó pè mí kó bi mí ní ọ̀rọ̀ kan. Ó hàn sí ta ni?"

"Ẹ rọra," ìyá wí.

"Mi ò rọra. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni tí mò ń bá kọ́lé ti ní kí n dáwọ́ iṣẹ́ dúró ná. Ó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ mi, òun ò sì rò pé ọmọ mi lè purọ́ mọ́ mi." Bàbá dìde, wọ́n pa iná pálọ̀ mọ́ àwọn méjèèjì lójú, wọ́n wọ yàrá lọ.

Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti wí, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Agogo dúró nínú òkùnkùn pálọ̀. Kì í ṣe ẹkún ló wà nínú rẹ̀. Ìbínú ni, èyí tí kò tíì rí ẹni tó máa já lé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó rí ẹni náà. Ògbufọ̀ jókòó sí tábìlì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀.

"Ìròyìn ògiri tó wó. Kí ni wọ́n kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì?"

Ògbufọ̀ yẹ bébà. "Wọ́n ní iṣẹ́ burúkú bíríkìlà ni 'apparent' ohun tó fà á."

"Kí ni 'apparent'?"

"Ohun tó hàn gbangba."

"Ìyẹn nìkan?"

Ògbufọ̀ la ẹnu, ó pa á dé. Ó fa ìwé atúmọ̀-èdè ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sí iwájú, ó ṣí i. Agogo rí i pé kò wá ohunkóhun níbẹ̀. Ó kàn fẹ́ ibi tó máa gbójú sí ni. Ó ti mọ̀.

"Ọ̀rọ̀ Látìn ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà ni kí nǹkan yọ síta, kó wá síbi tí ojú á ti rí i. Inú ilé kan náà ni òun àti 'appear' ti jáde wá, ìyẹn kéèyàn yọjú. Àwọn Òyìnbó gbà á, wọ́n ń lò ó títí, ó wá yapa sí méjì lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá gbé e sí ìparí, tí wọ́n ní nǹkan báyìí 'is apparent', ó hàn nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi ṣáájú ọ̀rọ̀ mìíràn, ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú ni. Bí ojú ṣe rí i nìyẹn. A ò tíì mọ̀."

"Nínú èyí, ìparí ló wà ni, àbí ó ṣáájú?"

"Ó ṣáájú."

"Nítorí náà, 'ó jọ' ni wọ́n wí. Ìwọ lo ní 'ó hàn'."

"Mo kánjú ni. Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun," Agogo wí, ohùn rẹ̀ ti gbilẹ̀ débi pé àwọn tó wà nínú yàrá náà yíjú. "Èèpo ẹ̀pà jọ pósí ẹ̀lírí. Ṣé torí ìyẹn lo ṣe máa jáde lọ kéde fún ìlú pé ẹ̀lírí ti kú? Bàbá mi ni bíríkìlà yẹn. Bàbá tí o fẹ́ wá kí lọ́jọ́ Àìkú. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi bú wọn, o sì ti fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tó yẹ kí n ti mí."

Ojú Ògbufọ̀ ṣú. Ó dìde, àwọn méjèèjì sì lọ bá Olóòtú.

Olóòtú ìròyìn náà jẹ́ ọkùnrin kan tí kì í bínú, tí kì í sì í gbà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán, ó fi orí ìka rẹ̀ gbá eruku kúrò lórí tábìlì.

"A kì í ṣàtúnṣe nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn olùgbọ́, àwọn olùgbọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wá wò. Èèyàn ò rántí ọ̀rọ̀ àná mọ́."

"Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé," Agogo dáhùn. "Ẹni tó máa kó o kò gbàgbé, sà."

"Jẹ́ kí n bi ẹ́ ní nǹkan kan. Tó bá jẹ́ bàbá ẹlòmíràn ni, ṣé wàá ti wá síbí?"

Agogo mọ̀ pé òun kì bá tí wá. Òun ìbá ti kà á, òun ìbá ti lọ jẹ búrẹ́dì lórí àtẹ̀gùn. Òótọ́ náà gún un ju èébú lọ. Ó yíjú sí Ògbufọ̀, ó ń retí pé á sọ nǹkan. Ògbufọ̀ ń wo ilẹ̀.

Lọ́dẹ̀dẹ̀, Agogo ò lè pa á mọ́ra mọ́. "O dúró síbẹ̀ bí òpó iná. Ṣé omi ló wà nínú iṣan ẹ ni?"

"Mò ń ronú. Sùúrù díẹ̀, Agogo mi."

"Má pe orúkọ sùúrù sí mi létí lónìí. Ẹni tí kì í bínú sí ohun tí kò dáa, ìgbà wo ló máa dìde fún ẹnikẹ́ni? Má wá sílé wa lọ́jọ́ Àìkú. Má wá rárá."

Ó lọ. Ògbufọ̀ ò tẹ̀ lé e, ìyẹn náà sì tún bí i nínú.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ìyá ló ṣí i. Agogo gbọ́ ohùn náà láti ilé ìdáná, àwo tó ń fọ̀ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Èmi ni mò ń túmọ̀ ìròyìn nílé-iṣẹ́ rédíò."

Ìyá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ ni," wọ́n wí. "Wọlé. Bóyá wọ́n á lù ẹ́, bóyá wọn ò ní lù ẹ́. Mi ò lè ṣèlérí."

Agogo dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ògbufọ̀ kò jókòó, Bàbá náà kò ní kó jókòó.

"Mi ò wá bẹ̀bẹ̀, sà," Ògbufọ̀ wí. "Mo wá kí ẹ lè mọ ojú ẹni tí ẹ máa bínú sí. Ohun tí Òyìnbó kọ ni pé ó jọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ pé ó hàn. Ọmọ yín ò mọwọ́mẹsẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi bébà lé e lọ́wọ́ ni iná tàn. Ìbínú tí ẹ ń bí sí i, tèmi ni. Ẹ gbà á lórí rẹ̀, ẹ gbé e fún mi."

Bàbá gbé ojú sókè sí i.

"Wọ́n ní o fẹ́ fẹ́ ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O fi ahọ́n ọmọ gún bàbá lọ́bẹ, o tún wá fẹ́ ọmọ." Bàbá rẹ́rìn-ín tí kò dùn. "Jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ẹ, ọkùnrin yìí. Ojú gbogbo ìlú lo ti bú mi. Inú pálọ̀ lo ti wá jẹ́wọ́. Àwọn tó gbọ́ èébú, ṣé wọ́n wà níbí? Ṣé abẹ́ àga ni wọ́n fara pamọ́ sí?"

Ògbufọ̀ tẹ orí ba. "Òótọ́ lẹ sọ, sà," ó wí. Ó kí ìyá, ó jáde.

Agogo bá a lẹ́nu géètì. Kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e.

"Mo ní kí o má wá."

"Mo gbọ́."

"Kí ló dé tí o wá?"

"Torí bàbá ẹ ò bá ẹ sọ̀rọ̀, èmi ni mo sì fà á." Ògbufọ̀ yíjú sí i. Iṣan kan ń lù ní ẹ̀bátí rẹ̀. Agogo ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. "O rò pé inú ò bí mi? Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni mi ò ti sùn dáadáa. Inú ń bí mi sí ara mi. Inú ń bí mi sí ọkùnrin tó ń gbá eruku lórí tábìlì yẹn, tó ní èèyàn ò rántí. Ìwọ lè pariwo, kó tán lára ẹ. Èmi, ńṣe ló ń jẹ mí nínú. Lọ́la, màá jẹ́wọ́ rẹ̀ níbi tí a ti sọ ọ́, lórí afẹ́fẹ́."

"Wọ́n á lé ẹ."

"Kí wọ́n lé mi."

Agogo wò ó títí tó fi yí igun. Ìbínú rẹ̀ ò tíì tán, ṣùgbọ́n ó ti ṣí kúrò lórí ọkùnrin náà, ó ti lọ bá ẹlòmíràn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, Ògbufọ̀ wọ yàrá ìkàròyìn kí iná tó tàn. Ó fi bébà kan síwájú Agogo.

"Mo kọ ọ́. Bá mi kà á."

Agogo tì í padà. "Ẹnu mi ti ṣiṣẹ́ fún ẹ tó. Fa àga yẹn, kí o jókòó."

"Èmi? Mi ò sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ rí. Ohùn mi ò dáa."

"Ohùn tó dáa ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Kí èyí tí kò dáa tún un ṣe."

Iná tàn. Agogo kí àwọn olùgbọ́, ó dárúkọ ilé-iṣẹ́, ó wá ní, "Kí a tó máa bá ìròyìn lọ, ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ." Ó yí ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ sọ́dọ̀ Ògbufọ̀.

Ògbufọ̀ wúkọ́. Bébà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò wò ó.

"Lọ́jọ́bọ̀, a sọ fún yín pé ó hàn gbangba pé bíríkìlà tó kọ́ ògiri ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ṣe iṣẹ́ burúkú. Kò hàn. Àwọn tó fún wa ní ìròyìn lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ní ojú méjì. Ojú kan ní, ó dájú. Ojú kejì ní, ó jọ bẹ́ẹ̀. Èkejì ni wọ́n wí, èkíní ni mo kọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀nà jìn láàárín 'ó jọ olè' àti 'olè ni'. Ènìyàn kan wà nínú ọ̀nà jíjìn yẹn, mo sì gba orí rẹ̀ kọjá. Kò sẹ́ni tó tíì gbẹ́ ìdí ògiri náà wò. Títí di ìsinsìnyí, a ò mọ ohun tó wó o. Akàròyìn ò mọ̀ nípa rẹ̀. Èmi ni mo ṣe é. Wọ́n ní kí n má sọ èyí, wọ́n ní ẹ ti gbàgbé. Mi ò gbà pé ẹ ti gbàgbé."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn jáde, ó gbóná bí iná. Lẹ́yìn gíláàsì, Olóòtú ti dé, ó ń na ọwọ́ sí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ pé kó pa á. Agogo tẹjú mọ́ ẹni náà. Ẹni náà wo Olóòtú, ó wo Agogo, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó fi sáàárín itan. Agogo fa ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ka ìròyìn tó kù, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan.

Kí oòrùn tó rọ̀, Ògbufọ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí. Wọn ò lé Agogo, nítorí pé àwọn olùgbọ́ á bèèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gba ìròyìn ọ̀sán lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e sí ti ìdájí, nígbà tí àwọn àkùkọ àti àwọn tó ń tọ́ ọmọ ọwọ́ nìkan ló ń gbọ́. Ó bú wọn sínú láti yàrá ẹ̀rọ dé ẹnu géètì. Ògbufọ̀ dúró dè é níbẹ̀ pẹ̀lú páálí. Agogo gba apá kan, wọ́n jọ gbé e rìn. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnìkejì.

"Ohùn ẹ burú lóòótọ́," Agogo wí nígbà tó yá.

"Mo sọ fún ẹ."

"Mi ò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí."

Nílé, Bàbá ò sọ nǹkan kan. Ìyá ló sọ fún Agogo nínú ilé ìdáná pé Bàbá gbọ́ ọ, pé wọ́n ti gbé rédíò náà lọ sẹ́yìn òkìtì yanrìn lẹ́yìnkùlé, àwọn nìkan, tí wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó padà wọlé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá kí Agogo pé, "Ṣé o jí dáadáa?" Ó dáhùn pé, "A dúpẹ́, sà." Ìyẹn náà tó.

Ó pẹ́ kí àwọn aláṣẹ tó gbẹ́ ìdí ògiri náà. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n rí i pé àwọn tó ń ri páìpù omi ló gbẹ́ kòtò gba abẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì fi iyẹ̀pẹ̀ lásán bò ó. Rédíò sọ ọ́ ní gbólóhùn kan péré. Àwọn èèyàn ń wá kí Bàbá, wọ́n ń ní òtítọ́ ti jáde, ẹni tí wọ́n ń bá kọ́lé náà sì wá. Bàbá gba iṣẹ́ náà padà, ṣùgbọ́n wọn ò fún un ní àga.

"Ẹ̀yin wá nígbà tí ẹ ti mọ̀," wọ́n wí fún un. "Ẹnìkan wà tó sọ̀rọ̀ nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó mọ̀. Ìyẹn ni mo gbọ́." Wọ́n wá pe Agogo. "Sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ pé kó wá. Inú ṣì ń bí mi sí i o. Ṣùgbọ́n kó wá."

Ògbufọ̀ wá. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kó jókòó.

"Kí ni iṣẹ́ ẹ báyìí?" Bàbá bèèrè.

"Mò ń túmọ̀ bébà inú páálí oògùn, sà, kí àwọn aláìsàn lè mọ bí wọ́n ṣe máa lò ó. Àwọn tó ń ta oògùn máa ń pè mí nígbà míì. Kì í ṣe ojoojúmọ́."

"Ìyẹn ni pé o ò níṣẹ́."

"Ó sún mọ́ bẹ́ẹ̀, sà."

"Ta ló wá máa bọ́ ẹ?"

"Èmi ni," Agogo wí láti ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ le koko. "Kí ló dé? Ṣé ìròyìn ìdájí ò lè ra ìrẹsì ni?"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá fẹ́ le ojú mọ́ ọn, kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rín mú wọn títí wọ́n fi ní láti nu ojú. "Ọkùnrin yìí," wọ́n wí, "o rí ohun tí o fẹ́ gbé wọlé? Nígbà tó bá ń pariwo lé ẹ lórí, má sá wá bá mi."

"Mi ò ní sá, sà."

Ọjọ́ tí wọ́n lọ forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀, oòrùn mú, Agogo wọ aṣọ funfun, Ògbufọ̀ wọ kóòtù tí bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Orí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì náà ni ọ̀rọ̀ kan ti já bọ́ lẹ́nu ìyá, pé àṣé Olóòtú ti ránṣẹ́ sí Ògbufọ̀ pé kó padà wá síbi iṣẹ́, tó bá lè jáde sọ pé kò sẹ́ni tó ní kó má ṣàtúnṣe, Ògbufọ̀ sì ti kọ̀. Agogo dúró lórí ìpele kan. Kò gbọ́ ọ rí.

"O kọ iṣẹ́ sílẹ̀, o ò sọ fún mi?"

"Ó fẹ́ kí n purọ́ ni. Mo kọ̀."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá o kọ̀. Mo bi ẹ́ pé kí ló dé tí o ò sọ fún mi."

"Torí mo mọ̀ pé wàá lọ bá a jà."

"Màá lọ bá a jà! Ẹ̀tọ́ mi ni! Ìyá mi mọ̀, èmi ò mọ̀. Ṣé bí o ṣe fẹ́ máa ṣe nìyí, o máa máa gbé nǹkan mì, o máa máa wojú ilẹ̀?"

"Ìwọ náà, ṣé gbogbo ìgbà lo gbọ́dọ̀ jà kí oúnjẹ tó dà?" Ògbufọ̀ ti gbé ohùn sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé ohùn sókè sí i nìyẹn, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. "Mo fẹ́ kí o sinmi. Ọjọ́ kan péré. Mo fẹ́ kí o wọ aṣọ funfun, kí inú má bí ẹ."

Akọ̀wé kan yọ orí lójú fèrèsé.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "òkè ni wọ́n ti ń kọ ara wọn sílẹ̀. Ti ìgbéyàwó la ń ṣe nísàlẹ̀ níbí."

"Ìgbéyàwó la bá wá," àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ojú wọn ṣì pọ́n.

Akọ̀wé wo Bàbá, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Bàbá ń fi ìka kan ògiri ọ́fíìsì náà kó kó, wọn ò yíjú.

"Òótọ́ ni," wọ́n wí. "Ẹ wọlé, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ máa parí ìjà yẹn nílé yín."

Agogo na ọwọ́ sí Ògbufọ̀ láìwo ojú rẹ̀. Ògbufọ̀ gbà á, ó dì í mú ṣinṣin, wọ́n jọ wọlé.